Ẹni tó yí ìbò ẹ̀ padà lórí ọ̀rọ̀ òmìnira, ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ondó ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mọ́mì mi tó ń gbé ní Glasgow dìbò "rárá" ní 2014 nígbà tí wọ́n bi àwọn ará Scotland bóyá wọ́n fẹ́ dá dúró. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá kọ ọ́ sínú WhatsApp ẹbí pé tí wọ́n bá tún bi àwọn lónìí, "bẹ́ẹ̀ ni" làwọn máa dì. Ha, dádì mi gbaná jẹ. Wọ́n ní aláhọ́n méjì ni, wọ́n ní ẹni tí ò mọ ibi tó ń lọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ dádì mi yìí kan náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, 2021, àsíá Yorùbá Nation ló wà níwájú mọ́tò wọn, ní báyìí tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹ̀ nílé wa wọ́n á ní kẹ́ ẹ panu mọ́. Ta ló máa sọ fún wọn pé àwọn náà yí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọ̀hún rí, ṣé ó dáa kéèyàn yí ọkàn padà lórí nǹkan tó tóbi tó báyìí, àbí téèyàn bá ti sọ ọ̀kan kó dúró tì í?

* * *

Àbúrò mi, lákọ̀ọ́kọ́ ná, má sọ ọ́ fún dádì ẹ. Jẹ́ káwọn fúnra wọn rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, èmi tó ò ń bi yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí. Mo wà níbi ìbò yẹn. Aberdeen ni mo wà, mo ń kàwé, mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ nílé ìkẹ́rùsí kan, jákẹ́ẹ̀tì méjì lórí ara wọn tòun ti ìbọ̀wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé òyìnbó nìkan ló dìbò náà, rárá o. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó bá ń gbé Scotland, tí ìwé ìgbélùú ẹ̀ sì pé, ó lè forúkọ sílẹ̀ kó dìbò, fíísà akẹ́kọ̀ọ́ náà wà nínú ẹ̀. Ọmọ ọdún 16 gan-an dìbò. Káàdì ìdìbò tèmi, bébà lásán, wọ́n jù ú gba ihò ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́ ìwé ìpolówó písà, díẹ̀ ló kù kí n kó gbogbo ẹ̀ dà nù.

Ọjọ́bọ̀ ni, September 18. Mo mú pásípọ́ọ̀tù dání nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, ìyá àgbà tó jókòó síbẹ̀ ò tiẹ̀ wò ó. Ó béèrè orúkọ, ó béèrè àdírẹ́sì, ó fi rúlà fa ìlà, ó na bébà sí mi. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń dìbò! Mo dúró níbẹ̀ mò ń wo àtàǹpàkò mi. Ìbéèrè ẹyọ kan ló wà lórí ẹ̀: ṣé kí Scotland di orílẹ̀-èdè tó dá dúró?

Títí di oṣù kẹjọ ọdún yẹn, bẹ́ẹ̀ ni lèmi ń sọ kiri. Kò sí ìṣirò kankan nídìí ẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni mí, October 1, 1960 ni wọ́n fi tọ́ mi ní iléèwé, ẹni tó bá ti lóun fẹ́ kúrò lábẹ́ London, kí ni mo tún ń rò sí i? Mo tiẹ̀ ra báàjì. Ohun tó wá yí mi kéré, ojú máa ń tì mí tí mo bá ń sọ ọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní London, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Peckham kí n ra èlùbọ́, mo na ogún pọ́n-ùn tí báńkì Scotland tẹ̀. Yorùbá ni ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé e sókè sí iná, wọ́n yí i lọ yí i bọ̀, wọ́n ní, "Bọ̀dá, kí leléyìí? Ẹ ò ní owó gidi lọ́wọ́ ni?" Pọ́n-ùn náà kọ́ nìyẹn ni? Orílẹ̀-èdè kan náà ṣì ni wọ́n o. Mo dá a padà sápò, mo fi káàdì san. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo fi padà, wákàtí méjìlá, nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń rò: tí wọ́n bá wá pín ńkọ́, owó wo la máa ná? Osborne tó ń bójú tó àpò ìjọba wọn nígbà yẹn ti sọ láti February pé àwọn ò ní jọ ná pọ́n-ùn pọ̀ tí wọ́n bá lọ. Salmond, olórí ìjọba Scotland nígbà yẹn, ní ìhàlẹ̀ lásán ni, pé wọ́n á gbà. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi owó tí wọ́n máa fi san mí nílé ìkẹ́rùsí.

Mo dìbò rárá. Tìtorí èlùbọ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín.

* * *

Ẹni tó kọ ọ́ sábẹ́ ìbéèrè yìí pé "kí ló kan ọmọ Àkúrẹ́ nínú ọ̀rọ̀ Scotland, o dìbò fún wọn, o gbẹ́rù ẹ o wálé", òótọ́ lẹ sọ, ó sì ta mí díẹ̀. 2015 ni mo padà. Mo bá wọn pinnu ilé tí mi ò ní gbé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni ìjà wà gan-an tẹ́ ẹ bá gbé e wá sílé, ẹ sì ti ń sáré kọjá ẹ̀. Òfin tí wọ́n lò níbẹ̀ ni pé ibi tóò ń gbé ni wọ́n wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí ẹ sí. Ọmọ bíbí Glasgow tó ń gbé Manchester, kò dìbò. Sean Connery, James Bond fúnra ẹ̀, ó ti ń pariwo òmìnira Scotland ọjọ́ ti pẹ́, kò dìbò, Bahamas ló ń gbé. Èmi tí mo dé lánàá, mo dì í.

Ẹ wá gbé e wá sí Àkúrẹ́. Tó bá jẹ́ ibi téèyàn ń gbé la fẹ́ wò, ọmọ Ìgbò tó ti ń ta sípíà páàtì nítòsí Ọjà Ọba látìgbà tí mo ti wà ní praimárì máa dìbò, àwọn Ìgbìrà tó ń dáko lẹ́yìn ìlú máa dìbò, àwọn ará Sábó máa dìbò, àmọ́ ọmọ Ondó tó wà ní Houston tó ń rán wa ní fídíò lójoojúmọ́ ò ní dì í. Ìgbà tí mo sọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù babà ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde pẹ̀lú ààbọ̀ irun lórí. Ẹnì kan ní ẹ̀jẹ̀ ni ká fi kà á. Ó dáa, ẹ̀jẹ̀ ta ni? Àwọn ará Àrógbò ní Ẹsẹ̀-Odò, Ijaw ni wọ́n, inú Ìpínlẹ̀ Ondo kan náà yìí ni wọ́n wà, ṣé ẹ máa lé wọn ni àbí ẹ máa bi wọ́n? Ìyàwó mi ńkọ́, ọmọ Auchi ni, ó ti bí mẹ́ta fún mi ní Àkúrẹ́. Àwọn Okun ní Kogi ńkọ́, àwọn Ìgbómìnà ní Kwara?

Èmi ò gbà pẹ̀lú ẹlẹ́jẹ̀ yẹn. Ẹni tó máa jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó máa bá èsì náà gbé ni kó dìbò. Mo mọ̀ pé òfin tí mo ń gbè lẹ́yìn yìí ló gbà mí láyè láti dìbò kí n sì sálọ. Mi ò ní ìdáhùn síyẹn.

* * *

Ó dáa, ká padà sọ́dọ̀ àǹtí tó wà ní Glasgow.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fèsì ń sọ̀rọ̀ bíi pé àǹtí yìí jí lọ́jọ́ kan ni, ó kàn ti yí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. 2014, rárá gba 55.3, bẹ́ẹ̀ ni gba 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 84.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló jáde. Ọ̀kan nínú ohun táwọn tó ń polongo rárá ń sọ lẹ́nu ọ̀nà wa nígbà yẹn ni pé tẹ́ ẹ bá kúrò lára Bìrìtìkó, ẹ lè bọ́ sílẹ̀ kúrò nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, a ò mọ̀gbà tẹ́ ẹ máa padà wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìyẹn, wọ́n sì dúró. Ọdún méjì ò pé, June 23, 2016, Bìrìtìkó lápapọ̀ dìbò pé àwọn ń jáde kúrò nínú EU, 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Scotland, ìdá 62 ló ní àwọn ò jáde. Wọ́n jọ jáde náà ni.

Nítorí náà ilé tí àǹtí ní àwọn ò kúrò níbẹ̀, wọ́n ti wó ògiri ẹ̀ kan lẹ́yìn tó sùn. Ta ló yí, àǹtí àbí ilé?

Àmọ́ kẹ́ ẹ má rò pé apá kan lòótọ́ máa ń wà o. Àwọn tó yí sí òdìkejì náà wà, ìdí tiwọn náà sì gbẹ́kẹ̀ lé nǹkan. 2014 tí wọ́n ń ṣe ìpolongo, nǹkan bíi 110 dọ́là ni àgbá epo kan, ìṣirò àwọn tó fẹ́ lọ sì dúró lé e. January 2016, ó ti wá sísàlẹ̀ 30. Mo rí i ní Aberdeen kí n tó kúrò, owó epo náà kò tíì dé ìsàlẹ̀ pátá ìgbà yẹn: àwọn tó ń lọ sórí òkun tẹ́lẹ̀ ń fi mọ́tò sí títà, yàrá tí wọ́n ń jà sí lọ́dún tó ṣáájú ń ṣófo, ilé ìkẹ́rùsí ní kí n má wá mọ́. Ará ibẹ̀ kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ló dì, ó ní ká sọ òótọ́, Ọlọ́run ló yọ wá. Èmi náà ń mi orí, mò ń sọ pé mo gbọ́n. 2016 dé, mo ti wà ní Àkúrẹ́, mo ń wo tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé, mo rí èsì EU yẹn, mo sọ fún ìyàwó mi pé ká ní mo mọ̀ ni. Ìkejì tí mo yí nìyẹn. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Àti pé àǹtí pàápàá, wọn ò rí ibi dì í. November 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bìrìtìkó sọ pé ilé aṣòfin Scotland ò lè dá pe irú ìbò bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé London fọwọ́ sí i. Nítorí náà, kí dádì fọkàn balẹ̀.

* * *

Kékeré lèyí: ẹni tó ní "àwa èèyàn dúdú kì í yí, tá a bá fẹ́ lọ a lọ", tó wá mú South Sudan wá. Lóòótọ́, January 2011, 98.83 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ń lọ. December 2013 wọ́n ti ń bá ara wọn jagun. Ẹlòmíì sì fi ìyẹn dá a lóhùn pé "ẹ ò rí i, ẹni tó bá lọ, ogun ló máa jà". Mi ò gba ti yín méjèèjì. Ìbò yẹn kọ́ ló dá ogun sílẹ̀, ìbò yẹn ò sì lè dá a dúró. Ẹ fi South Sudan sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èèyàn dúdú kì í yí, ẹ jẹ́ n fi tòsí hàn yín. Ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Northern Cameroons, Bìrìtìkó ló ń bá UN mójú tó o, inú Borno, Adamawa àti Taraba ló bọ́ sí lónìí. November 1959, wọ́n bi wọ́n: tí Nàìjíríà bá gba òmìnira, ṣé ẹ fẹ́ bá wọn lọ, àbí kẹ́ ẹ ṣì fi í sílẹ̀ dìgbà míì? Gbogbo èèyàn rò pé wọ́n á wọlé ni. 70,546 ní dìgbà míì, 42,788 ní àwọn ń wọlé. Ó ya àwọn aṣáájú lẹ́nu. February 1961 wọ́n tún padà lọ bi wọ́n, Nàìjíríà gba 146,296, Cameroon gba 97,659. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré!

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sọ dìgbà míì lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe Nàìjíríà ni wọ́n ń bá jà, àwọn tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá lé wọn lórí nínú ìṣàkóso ìbílẹ̀ ni inú ń bí wọn sí, wọ́n wá fi ìbò bínú. Wọ́n tún ìṣàkóso náà tò kí wọ́n tó padà lọ bi wọ́n. Àwọn obìnrin tí wọn ò jẹ́ kó dìbò ní 1959, wọ́n dì í ní 1961. Ìbéèrè fúnra ẹ̀ sì ti yàtọ̀, "dìgbà míì" ti kúrò lórí bébà, Nàìjíríà àbí Cameroon ló kù, "ká dá dúró" ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ sọ fún mi ẹni tó jẹ́ aláhọ́n méjì níbẹ̀.

Apá gúúsù ilẹ̀ náà, ibi tí Bamenda àti Buea wà, mú Cameroon lọ́jọ́ kan náà, 233,571 sí 97,741. Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹni tó sá wá láti Bamenda, ẹ bi í bóyá àwọn ọmọ àwọn tó dìbò yẹn ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ bàbá wọn.

* * *

Dádì wá kù.

Ìwọ lo sọ pé wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ẹnì kan fèsì sábẹ́ ẹ̀ pé "ẹ ò rí i, pẹ́ńṣọ̀n ni wọ́n ń rò, ojo ni wọ́n". Ìyẹn bí mi nínú. Ìyá àgbà tó ni ilé tí mo gbé ní Aberdeen, pẹ́ńṣọ̀n ni ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni o, rárá o, ó ní ta ló máa san án, ọjọ́ wo, nínú àpò wo? Kò sẹ́ni tó pè é ní ojo. Ní Nàìjíríà tí ẹni tó fẹ̀yìn tì ń tò sórí ìlà fún gírátúítì títí tó fi kú, ẹ fẹ́ kí bàbá àádọ́rin ọdún fi ìwọ̀nba tó ń wọlé ta tẹ́tẹ́, kí wọ́n má sì béèrè nǹkan kan?

Mo mọ ẹni tó yí sí òdìkejì dádì ẹ. Aládùúgbò mi, jẹ́jẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ pínpín Nàìjíríà níwájú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó máa ń rántí Ore fún yín, 1967, ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra wọlé dé ibẹ̀, ọmọdé ni ó wà nígbà yẹn, "ó le kú, ìjà Ore" kì í ṣe orin lásán létí ẹ̀. June 5, 2022, wọ́n yìnbọn sínú ṣọ́ọ̀ṣì Katoliki ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ Ore kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ẹni tí ò bá lè ṣọ́ mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni mo ń bá a dúró fún?

Ṣé ẹ rí i? Àwọn méjèèjì, bàbá Ondó àti bàbá Àkúrẹ́, ìbẹ̀rù ló mú ọ̀kan lọ, ìbẹ̀rù ló mú ìkejì bọ̀. Kò sí ẹni tó gbowó lọ́wọ́ ẹnì kankan. Mo mọ̀ pé April 2024, tí àwọn kan gbé ìbọn wọ sẹkitéríàtì ìjọba ní Agodi n'Íbàdàn lórúkọ Yorùbá Nation, ọ̀pọ̀ tó ti ń lé àsíá kiri rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Bi dádì ẹ bóyá ìgbà yẹn ni, àmọ́ kó o bi wọ́n tí wọ́n bá ti jẹun tán.

Lórí ọ̀rọ̀ epo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé Ìlàjẹ ló máa bọ́ gbogbo wa, Ìlàjẹ wà nínú Niger Delta lójú ìjọba àpapọ̀, NDDC, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, kan Ìpínlẹ̀ Ondo. Ẹ ti bi Ìlàjẹ bóyá wọ́n fẹ́ bọ́ yín? Ní Aberdeen gan-an tí epo ti ń jáde, ìdá 58 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ló ní rárá. Ẹni tí nǹkan wà lọ́wọ́ ẹ̀ kì í sábà fẹ́ kí wọ́n tú àpò.

* * *

Ìbéèrè kan tó tún wọlé: "Ṣé a tiẹ̀ lè dì í ní Nàìjíríà?" Lábẹ́ òfin tó wà nílẹ̀, rárá. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala kejì ẹ̀ gan-an, ní orílẹ̀-èdè kan tí kò ṣeé pín ni wá. Ìbò tí wọ́n fi bi aráàlú bóyá kí wọ́n yọ ara wọn wà lóòótọ́, July 1963, ìgbà tí wọ́n yọ Midwest kúrò lára Western Region, àmọ́ inú Nàìjíríà náà ni wọ́n dúró sí.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dìbò gómìnà ní Ondo, ẹ mọ "dìbò kó o se'bẹ̀". Ìbò gómìnà, ọdún mẹ́rin ló ń bà jẹ́. Ẹni tó bá gba owó ọbẹ̀ lórí ìyẹn, ọmọ ọmọ ẹ̀ ló máa jẹ ọbẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ẹni tó ń yí nítorí èlùbọ́ ju ẹni tó dúró gbọnin nítorí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.

* * *

Àbúrò mi, mo rí i pé o ní mi ò tíì dáhùn. Ó dáa. Àǹtí ò ṣe nǹkan kan tó burú, dádì náà ò ṣe nǹkan kan tó burú, ibi tí dádì ti ṣẹ̀ ni pé wọ́n bú ẹlòmíì fún ohun táwọn náà ṣe. Tó o bá fẹ́ dá sí i, má fi ẹ̀sùn kàn wọ́n, bi wọ́n léèrè: "Dádì, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi tún gbé àsíá yẹn síwájú mọ́tò?" Tí wọ́n bá rí nǹkan kan sọ, ọkàn wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ní kò sóhun tó lè ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó máa bẹ̀rù.

Tí ẹ bá bi èmi náà, ọ̀rọ̀ owó yẹn náà ṣì ni. Ká ní ẹnì kan gbé bébà kan wá lọ́dún yẹn, kó sọ pé owó báyìí la máa ná, báyìí la máa ṣe é, bóyá mi ò ní yí rárá.

Ogún pọ́n-ùn tí ìyá Peckham kọ̀ yẹn, mi ò ná an mọ́. Mo gbé e wálé, ó wà nínú Bíbélì mi. Wọ́n ti sọ owó wọn di oníke, September 2022 ni bébà ogún pọ́n-ùn kúrò nígboro, ti England, ti Scotland, gbogbo ẹ̀. Nítorí náà ìyá náà ló padà jàre, àfi kéèyàn gbé e lọ sí báńkì.